Wáyà Tó Dípẹtà Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí Àwọn Oníṣẹ́ Ń Gbà Tún Un Ṣe

Ní Ìgbògbò, ìlú Ọba Adéborúwà, níbi tí ọ̀sà kò ti jìnnà, tí afẹ́fẹ́ etí omi Báyékù ń gbé ọ̀rinrin àti iyọ̀ wọlé tọ ẹrù àti ẹ̀rọ, ọkọ̀ tó bá ti lo ogójì ọdún lókè eèpẹ̀ kì í sábà gba ọ̀nà ẹ́ńjìnnì kú. Wáyà tínínrín tí ojú kò rí, tí ń gbé iná láti orí bátìrì lọ sí fèrè, sí wáípà, sí iná iwájú àti sí kọ́ìlì, ni ó máa ń kọ́kọ́ dá olówó rẹ̀ lágara. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ṣòro sọ: bí wáyà bẹ́ẹ̀ bá ti dípẹtà, ṣé kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà ni, ṣé kí a gé ibi tó kú kí a sì so òmíràn mọ́ ọn, tàbí kí a tú gbogbo rẹ̀ dànù kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì? Ìdáhùn rẹ̀ ni kò rọrùn, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn tó sì ń gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ẹjọ́ tó múná dóko láti rò. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí a jẹ́ kí olúkúlùkù rojọ́ tirẹ̀, kí a gbé e lé òṣùwọ̀n, kí a sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ ṣì kù sí hàn.

Àwọn ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní ẹkùn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: Volkswagen Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ní ọdún 1975; Peugeot 504, tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975 kan náà; Morris Minor ti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn; àti Bedford onípákó, bọ́lẹ̀kájà, akérò-kẹ́rù, tí kò mọ ọ̀nà tó burú. Wọn kò jọ ara wọn nínú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 1967 ló jẹ́ pé orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì, kì í ṣe orí nẹ́gátíìfù bí ti òde òní. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó ṣáájú àsìkò náà sì ń lo bátìrì fóòtì 6 dípò 12. Réwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí kò bá wádìí èyí kó tó mú pílíásì lè jó ohun tí ìpẹtà kò tíì jẹ.

Ohun tí ń jẹ wáyà

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú, ẹ bó èèpo wáyà iná ẹ̀yìn kan níwọ̀n ìka méjì sí ibi tó ti wọ ilé gílóòbù. Bàbà tó yẹ kó máa dán gbinrin ti di dúdú. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka, fọ́nrán rẹ̀ á kán wẹ́wẹ́, ẹ̀tù aláwọ̀ ewé á sì kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ tún bó o níwọ̀n ìka mẹ́rin sí i, dúdú náà ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èèpo òkè rẹ̀ kò fara pa rárá. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Ìdí rẹ̀ ni pé fọ́nrán wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ di wáyà kan máa ń fa omi sára bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, tó bẹ́ẹ̀ tí omi tó wọ ẹnu wáyà lónìí fi lè rìn jìnnà lábẹ́ èèpo kí ọdún tó yí po. Bí omi náà bá jẹ́ ti òjò lásán, ìpẹtà á lọ́ra. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀, kúlóráìdì inú iyọ̀ náà á bá bàbà, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ dàpọ̀, àdàpọ̀ náà á bí ásíìdì, ásíìdì á tún jẹ bàbà mìíràn, iṣẹ́ ibi náà á sì máa bí ara rẹ̀ láìdúró. Àwọn tó ń tọ́jú ère idẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ àrùn yìí, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀sà Èkó kì í sì í ní iye iyọ̀ kan náà jálẹ̀ ọdún: lásìkò òjò, omi odò á tì í sẹ́yìn, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, iyọ̀ á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń bu omi ọ̀sà fọ ọkọ̀ ní oṣù kejì ọdún ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ní ibi tó ju èyí tí ó lè ṣe é ní oṣù keje lọ.

Èéfín bátìrì ni alájọṣe iyọ̀. Nínú Ìjàpá, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà, èéfín ásíìdì rẹ̀ a sì máa ba irin àti wáyà tó bá sún mọ́ ọn. Èèpo wáyà pàápàá a máa gbó: rọ́bà àti òwú híhun tí wọ́n fi ń bo wáyà láyé àtijọ́ á gbẹ, á máa já, ike tó rọ́pò wọn náà á pàdánù òróró tó mú un rọ̀, á gan paali, á sì là níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń bá a.

Ohun tí èyí ń ná ọkọ̀ ṣeé ṣírò. Gílóòbù wáàtì 45 ń fa áńpíà 3.75 lórí fóòtì 12. Bí ìpẹtà bá fi ìdènà óòmù 0.2 péré sí ojú ọ̀nà rẹ̀, nǹkan bí fóòtì 0.75 yóò ṣòfò kí iná tó dé ibi tó ń lọ. Lórí fóòtì 6, gílóòbù wáàtì kan náà ń fa áńpíà 7.5, ìdènà kan náà á jẹ tó fóòtì 1.5, èyí tí í ṣe ìdámẹ́rin gbogbo ohun tí bátìrì ní. Fóòtì tó dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ́nu gílóòbù sì tó láti gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí iná rẹ̀ “ṣì ń tàn” lè ti di afọ́jú lójú ọ̀nà Ìkòròdú lóru, kí ẹni tó ń wà á má sì mọ̀.

Ìhà kìíní: ẹ má fọwọ́ kàn án

Àwọn olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń sọ èyí. Ní Oníkan, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀, ọkọ̀ Mercedes-Benz dúdú tí wọ́n ti pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ọta lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní làákàyè tí yóò ní kí wọ́n lọ dí ihò náà. Ojú kan náà ni ìhà yìí fi ń wo wáyà. Àwọ̀ rẹ̀, òwú tí wọ́n hun bò ó, ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í mọ́ ara irin, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rí bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà kan. Ní ọdún 2012, FIVA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn Turin, èyí tó gbé ìpamọ́ ga ju àtúnṣe lọ, tó sì fẹ́ kí àtúnṣe tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ èyí tí a kọ sínú ìwé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà: wáyà tó bá ọkọ̀ jáde láti ilé-iṣẹ́ kò tún sí lọ́jà.

Agbára ẹjọ́ yìí ni pé ohun tí a bá gé dànù kò ní í padà. Àbùkù rẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tó ń gun ọkọ̀ rẹ̀. FIVA fúnra rẹ̀ kò ka ọkọ̀ tí a ń gùn lójoojúmọ́ mọ́ ọkọ̀ ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó kù ní àgbègbè wa ṣì ń lọ sí ọjà àti ilé ìjọsìn. Táńkì epo Ìjàpá, ẹ rántí, iwájú ló wà, nítòsí wáyà dáṣíbọ́ọ̀dù; èèpo tó là níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ ìtàn bò. Lẹ́yìn náà, fífi sílẹ̀ kì í dá ìpẹtà dúró. Bí kúlóráìdì bá ti wọ bàbà, ọkọ̀ tó dúró sójú kan ń bàjẹ́ lọ náà ni, àfi bí ibi tó dúró sí bá gbẹ, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ni ohun tí a kò ní ní etí ọ̀sà. Fún ọkọ̀ tí kò ní í rìn mọ́, kí a tú orí bátìrì kúrò, kí a sì pa á mọ́ síbi gbígbẹ, ìhà yìí ló jàre. Fún ọkọ̀ tí ń rìn, a kò lè tẹ̀lé e.

Ìhà kejì: ẹ gé ibi tó kú

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ réwáyà wa dúró sí, àwọn ọmọ Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, tí ń fi tẹ́sítà wá ibi tí iná Ṣàngó Olúkòso ti ń jò. Wọ́n ní ẹnu wáyà ni omi ń bá wọlé, nítorí náà ẹnu ló máa ń bàjẹ́ jù: ilé gílóòbù, orí wáyà lẹ́nu fèrè, àti ilé fíúsì Ìjàpá, níbi tí fíúsì onítáńganran funfun ti áńpíà 8 àti pupa ti áńpíà 16 ti ń jókòó láàárín ahọ́n idẹ méjì tí kì í pẹ́ ṣú. Owó rẹ̀ kéré, ó sì máa ń parí lọ́jọ́ kan.

Àwọn kan nínú wọn kì í tilẹ̀ gé, wọ́n ń fọ̀ ni. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, tàbí ọtí kíkan, ni wọ́n fi ń bó dúdú ara bàbà, wọ́n á sì fi omi sódà búrẹ́dì pa ásíìdì rẹ̀. Fún ahọ́n idẹ ilé fíúsì, tí ó ṣeé yọ sílẹ̀, tí ó ṣeé ṣan, tí ó sì ṣeé sá, èyí dára púpọ̀. Fún wáyà tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin ni: iyọ̀ tí à ń sá fún lẹ́bàá ọ̀sà náà ni a tún fọwọ́ ara wa bù sí i, fọ́nrán á sì fà á wọ ibi tí omi sódà kò ní í dé.

Bí a bá gé e, báwo ni a ṣe ń so ó? Lílọ́ méjì pọ̀ kí a fi téèpù dì í kò yẹ ní ohun tí à ń jiyàn lé. Ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Àríyànjiyàn tòótọ́ wà láàárín àwọn olójé àti àwọn tó ń fi ẹ̀mú tẹ orí wáyà pa.

Àwọn olójé ní òjé tó yọ́ wọ àárín fọ́nrán kò fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, pé rédíò àtijọ́ tí wọ́n fi òjé so ṣì ń sọ̀rọ̀ títí di òní, àti pé Lucas, tó ṣe wáyà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo òjé sí orí wáyà rẹ̀ tó rí bí ọta, nítorí náà òjé kì í ṣe àlejò nínú Morris. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjé kì í dúró níbi tí a fi í sí. Ó máa ń gun fọ́nrán lọ sí abẹ́ èèpo, ibi tó bá sì dúró sí ni wáyà tó rọ̀ ti pàdé wáyà tó le, ibẹ̀ gan-an ni ó ń ṣẹ́ bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lórí kòtò. Ìlànà ẹgbẹ́ ABYC ti Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ ojú omi kò gbà kí òjé nìkan jẹ́ ohun tó di wáyà méjì mú, àyàfi ní orí bátìrì. Aburú kejì wà nínú omi tí a fi ń ṣí ojú irin kí òjé tó mú un: bí ó bá jẹ́ ti oje igi, kò léwu; bí ó bá jẹ́ ásíìdì tí àwọn alágbẹ̀dẹ páànù ń lò, ìpẹtà tuntun ti wọ ilé lọ́jọ́ àtúnṣe.

Àwọn tó ń tẹ̀ ní títẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi, pé bí orí wáyà bá bá wáyà mu ní ìwọ̀n, tí ẹ̀mú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí kì í yọwọ́ títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ dópin, irin méjèèjì á di ọ̀kan, afẹ́fẹ́ kò sì ní í rí àárín wọn. Bí a bá wá fi rọ́bà tí ń sún kì lábẹ́ ooru bò ó, irú èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú, omi ti pàdánù ẹnu ọ̀nà. Òtítọ́ nìyí pẹ̀lú. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀mú gidi wọ́n, pílíásì lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é, èyí tí a sì fi pílíásì fún pa máa ń fi àlàfo sílẹ̀ tí ọ̀rinrin á fi ṣe ilé. Ní ti èmi, òjé tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí a sì so wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà máa jì, sàn ju títẹ̀ onípílíásì lọ. Títẹ̀ tí a fi ẹ̀mú gidi ṣe sì sàn ju méjèèjì lọ.

Méjèèjì ló ń kùnà síbi kan náà: bí wáyà tí a so òmíràn mọ́ bá ti dúdú. Ẹ máa gé sẹ́yìn títí bàbà yóò fi dán. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gé tó apá kan gígùn tí kò tíì dán, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ, ìhà kejì sì ti pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ lórí wáyà náà. Ó tún ku àwọ̀. Nínú ìlànà Lucas, wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ti orí bátìrì wá tààrà, funfun ti ẹnu kọ́kọ́rọ́ wá, aláwọ̀ ewé ti gba inú fíúsì kọjá, dúdú sì ni ẹ́ẹ̀tì, èyí tó so mọ́ bọ́dì. Réwáyà tó bá fi pupa so gbogbo wọn pọ̀ nítorí pé pupa ló kù lápò rẹ̀ ti ba ojú àwòrán náà jẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìhà kẹta: ẹ tú gbogbo rẹ̀

Ìhà yìí ní ìpẹtà tí ojú rí jẹ́ díẹ̀ lára èyí tó wà, àti pé bí èèpo bá ti ń là, kò sí ìsopọ̀ tó lè wò ó sàn. Wọ́n pín sí méjì. Àwọn kan ń ra wáyà tí wọ́n tún ṣe ní òkè òkun bí ti àtijọ́, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ àti òwú híhun rẹ̀. Àwọn kejì ń lo wáyà òde òní, wọ́n ń fi fíúsì kún fíúsì, wọ́n sì ń fi rílè sí ọ̀nà iná iwájú, kí iná púpọ̀ má baà máa gba inú súìṣì àtijọ́ kọjá. Rílè yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dára jù lọ tí a lè ṣe fún ọkọ̀ àtijọ́. Ó sì ṣeé yọ padà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìhà kìíní pàápàá kò fi ní í bínú sí i púpọ̀.

Ewu tó wà nínú ọ̀nà yìí, ọjà ló ti ń wá. Wáyà aláàmọ́ńníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú wà káàkiri. Ó fúyẹ́ ju bàbà lọ, ó ń dènà iná jù ú lọ, etí ibi tí a bá sì gé e ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀ kíá. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Wáyà ilé olójú kan, tó le, kò yẹ nínú ọkọ̀, nítorí gbígbọ̀n á ṣẹ́ ẹ. Wáyà ọkọ̀ tòótọ́ wà nílẹ̀ yìí. Cutix ti Nnewi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, ń ṣe é. Ìwọ̀n rẹ̀ náà ní òfin: nínú ìṣirò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wáyà onífọ́nrán 14, tí ìbú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 0.30, ń gbé áńpíà 8.75, onífọ́nrán 28 ń gbé 17.5. Èyí tí àwọn kan ń tú lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní ọjà Òwòdé Onírin tàbí ti Ládìpọ̀ lè dára, ṣùgbọ́n ìpẹtà tirẹ̀ lè ti bá a wá láti ìlú oníyìnyín, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì.

Àbùkù tó kù ni owó, àti àsìkò, àti pé iṣẹ́ ńlá ń bí àṣìṣe ńlá. Ẹni tó bá tú wáyà àtijọ́ dànù láìyà á sórí ìwé ti ju ìwé àlàyé ọkọ̀ náà sínú ààtàn.

Àwọn tó ní wáyà kò jẹ̀bi

Àwọn kan wà tí kò bá ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Wọ́n ní ìdajì ọ̀nà tí iná ń gbà kì í ṣe wáyà rárá, bọ́dì ni, àti pé ibi tí irin ti pàdé irin lábẹ́ bóòtì tó dípẹtà ló ń pa iná. Ẹni tó ń pààrọ̀ wáyà láìwo ẹ́ẹ̀tì ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìdánwò wọn kò gba nǹkan kan ju mítà lọ: ẹ tan iná iwájú, ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí bátìrì tó so mọ́ bọ́dì, ẹ fi èkejì sí ara ilé gílóòbù, bí ó bá ju nǹkan bí fóòtì 0.2 lọ, ẹ́ẹ̀tì ń jẹ iná yín. Bedford onípákó fi ẹjọ́ yìí hàn kedere, nítorí pákó kì í gbé iná, gbogbo iná ẹ̀yìn tó wà lára pákó ló gbọ́dọ̀ ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tó dé orí irin ìsàlẹ̀. A kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí ìhà yìí lọ́rùn ju pé kò lè wo èèpo tó là sàn. Ó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìyókù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò ní í nílò ju èyí lọ.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìkíní ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ìsopọ̀ wáyà. Ìlànà tí a ní lórí òjé àti títẹ̀, láti inú ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú ni ó ti wá. Iye òjò tí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ń rí kó tó kú lórí ọ̀nà Ìgbògbò sí Báyékù, orí àwọn réwáyà wa ló wà, kò sí nínú ìwé. Ìkejì ni ti gíríìsì àti básílínì tí wọ́n ń fi pa orí wáyà: àwọn kan ní ó ń lé omi, àwọn mìíràn ní ó ń há omi tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ̀rí sì wà fún méjèèjì, nítorí bí ojú irin ṣe gbẹ tó lọ́jọ́ tí wọ́n pa á ló ń pinnu.

Ìkẹta ló le jù. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì, tó bọ́ sí apá ọ̀tún. Nínú àwọn ọkọ̀ tó wà ṣáájú ọjọ́ náà, a rí èyí tí wọ́n gbé ìdarí rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, tí wọ́n gé wáyà dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì fi òmíràn gùn ún kó lè dé ìhà kejì. Wáyà tuntun tí ẹnì kan bá rà láti òkè òkun kò mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn; bí a bá sì tún ọkọ̀ náà ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde láti ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn réwáyà ayé ìgbà náà á pòórá. Ìpẹtà sábà máa ń wà ní ojú ìsopọ̀ wọn gan-an. Ṣé ti ilé-iṣẹ́ ni a ó pè ní ògidì, tàbí ti 1972? Ọgbọ̀n ọdún ni FIVA ní kí ohun kan pé kó tó wọ inú ìtàn. Àwọn ìsopọ̀ náà ti lé ní àádọ́ta.